Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin àgbà ẹnjiníà Ìbàdàn: òǹtẹ̀ wà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dà?

Ẹ̀yin àgbà wa tí òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wà lọ́wọ́ yín nílùú Ìbàdàn,

Mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ kú oòrùn sáìtì, ẹ kú ìfaradà àwọn onílé tó fẹ́ fi owó ilé ilẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. N kò ní fi ọ̀rọ̀ há sábẹ́ ahọ́n. N ó sọ ohun tí mo bá wá, lẹ́yìn náà n ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe lu òǹtẹ̀ mọ́ pùláànù kankan mọ́ nílùú yìí àfi tí ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan bá wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́, tí orúkọ ọmọ náà wà lórí pùláànù yẹn nísàlẹ̀ tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ dé sáìtì. Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ èmi náà, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà àti àwọn afárá kéékèèké ni mo sì ń ṣe. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò yọ mí sílẹ̀.

Àwọn òbí tó bá wa ka lẹ́tà yìí lè má mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ di ẹnjiníà ilé àti ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní civil, yóò lo ọdún 5 ní yunifásítì, ìyẹn bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fi tirẹ̀ kún un. Nínú rẹ̀ ni yóò ti lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta ilé ìwé, fún oṣù 6 lábẹ́ SIWES, ètò tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973. Ọmọ Poly ní tirẹ̀ yóò ṣe ND fún ọdún 2, yóò jáde lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, yóò padà wá ṣe HND fún ọdún 2. Àgùnbánirọ̀ ló kàn. Màmá á se ìrẹsì, wọ́n á rán aṣọ ẹbí, gbogbo àdúgbò á máa pe ọmọ ní Ẹnjiníà. Lójú òfin, kò tíì dé ibẹ̀. COREN, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, ló ń sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Àtúnṣe tó bá òfin náà ní 1992 ló mú àwọn tẹkinọ́lójíìsì, àwọn tẹkiníṣánì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ìwé orúkọ náà. Ẹni tó gba dìgírì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 4, ó kéré tán, kó tó lè jókòó síwájú àwọn àgbà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ọ̀dọ̀ NSE kọjá, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ti wà láti 1958. Ìgbà tó bá yege ni wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ìgbà náà ni òǹtẹ̀ tirẹ̀ tó dé.

Ọdún 4 yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Wọn kò ní kí ọmọ fi ọdún 4 hu irùngbọ̀n. Ohun tí òfin ń retí ni pé kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ mú un lọ́wọ́, kó fi ìpìlẹ̀ hàn án, kó fi irin hàn án, kó jẹ́ kó ṣe ìṣirò, kó bá a ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kó ní kó tún un ṣe. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wa báyìí?

Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń wá ọ̀dọ́ tí kò ju ẹni ọdún 28 lọ, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, tó mọ àwọn sọ́fítíwià AutoCAD, Revit àti Orion, tó ní láísẹ́ǹsì mọ́tò, tí kò sì ní kọ iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tó ṣe àgùnbánirọ̀ tán lẹ́ni ọdún 25, níbo ló ti fẹ́ rí ọdún 5 ní ẹni ọdún 28? Bó bá wá sọ pé òun kò tíì ṣiṣẹ́ rí, pé òun fẹ́ kọ́ ọ, a óò ní kó lọ ní ìrírí kó tó wá. Ìrírí wo? Lọ́dọ̀ ta ni? Gbogbo wa la ń wá ọmọ tí ẹlòmíràn ti kọ́ tán.

Àwọn tí kò rí ibì kan já sí ti lọ. Ẹnì kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Àpẹ́tẹ̀. Òmíràn ní POS. N kò bú iṣẹ́ wọn, owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lè ju èyí tí a ó fún wọn lọ. Èyí tó rí ibi jókòó sí gan-an, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀gá gbé kọ̀ǹpútà sí i níwájú, ó ń ya àwòrán láti àárọ̀ dalẹ́, ọdún 4 pé, kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, kò mú mi dé sáìtì rí. Bíríkìlà kan ará Ìṣẹ́yìn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ojú mọ yanrìn tí amọ̀ ti dà lù: ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi omi díẹ̀ sí i, ó fọwọ́ ra á, ó ní kí n wo ọwọ́ òun. Pupa ni ọwọ́ náà. Ó ní kí wọ́n dá lọ́rì yanrìn náà padà. Ọkùnrin yẹn kò ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù láti fi nǹkan han ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ sì dé sáìtì èyíkéyìí láti Olódó títí dé Ológùúnẹ̀rù. Bíríkìlà ní ọmọ iṣẹ́. Kápẹ́ńtà ní. Oníná ní. Ẹni tó ń fa ẹ̀rọ omi ní. Àwọn ọmọ yẹn mọ ọdún tí wọn yóò gba òmìnira, ìyá wọn sì ti ń dá owó mínírà àti kúlà jọ. Bí ògiri tí ọmọ iṣẹ́ mọ bá tẹ̀, ọ̀gá yóò gbé rùlà lé e, yóò fi hàn án, yóò ní kó wó o. Ẹnjiníà nìkan ni kò ní ọmọ iṣẹ́ lórí sáìtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ló wá.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn yóò dun àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó ń ya pùláànù á ya ilé, á ya irin rẹ̀ pẹ̀lú, á da irin ilé tó ti yà lésìí kọ síbẹ̀, á yí orúkọ onílé padà. Yóò wá òǹtẹ̀ ẹnjiníà lọ bí ẹni ń wá ẹni tí yóò bá òun lẹ sítáǹbù mọ́ ìwé. Ẹnjiníà á wo ojú ìwé àkọ́kọ́, á gba owó, á lù ú, á sì tún fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun ni yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà títí yóò fi parí. Ìwé á wọ Sẹkitéríàtì lọ ní Agodi. Lójú ìjọba, ẹnjiníà wà. Lórí ilẹ̀, bíríkìlà ni ẹnjiníà. Ẹni tí kò lọ sáìtì, ta ni yóò mú lọ sáìtì? Ẹni tí kò ṣe ìṣirò, ìṣirò wo ni yóò kọ́ ọmọ? Ìdí nìyí tí mo fi so ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pọ̀. Àìsàn kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú bákónì, nítorí pé gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun nílùú yìí ló fẹ́ bákónì tó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Dẹ́kìn tó jókòó sórí ògiri méjì máa ń fẹ́ tẹ̀ wálẹ̀ láàárín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fà, ìsàlẹ̀ náà ni irin rẹ̀ ń wà. Ti bákónì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dì mọ́, iwájú rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀, òkè rẹ̀ ló wá ń fà. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kó sì wọnú dẹ́kìn tó wà lẹ́yìn lọ dáadáa, kó má dín sí bí bákónì náà ṣe yọ síta tó. Ọmọ yunifásítì mọ èyí lórí ìwé. Ó mọ̀ pé agbára tó ń fẹ́ tẹ dẹ́kìn orí ògiri méjì jẹ́ wL²/8, pé ti bákónì jẹ́ wL²/2 (w ni ẹrù tó wà lórí rẹ̀, L ni gígùn rẹ̀), kọ̀ǹpútà á sì bá a ṣe é kí ẹ tó pajú dé.

Ẹ wá wo ọjọ́ dẹ́kìn. Sáìtì kan lápá Akóbọ̀, mo ti yẹ irin bákónì wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: irin 12 mm, 150 mm sí ara wọn, lókè gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Láàárọ̀, àwọn lébírà dé pẹ̀lú páànù, orí irin yẹn sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Mo mú ọmọ kan dání, ọmọ tó jáde pẹ̀lú first class, kò sì gba á lófo, orí rẹ̀ pé. Mo ní, “Kí lo rí?” Ó wo ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, ó ní, “Mà, omi ti pọ̀ jù.” Òótọ́ ló sọ, omi pọ̀, mo sì ní kí wọ́n dín in kù. Mo tún ní, “Kí lo tún rí?” Kò rí nǹkan kan. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀, kó ti ọwọ́ bọ kọnkéré tútù níbi ìdí bákónì, kó wá irin kàn fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ wọlẹ̀ kọjá ọrùn ọwọ́ kó tó kan án. Ẹsẹ̀ àwọn lébírà ti tẹ irin òkè di irin ìsàlẹ̀.

A dá iṣẹ́ dúró. A kó kọnkéré ibẹ̀ kúrò, a fi àwọn irin tí a tẹ̀ bí àpótí ìjókòó gbé irin padà sókè, a tẹ́ pákó lélẹ̀ kí àwọn lébírà máa gba orí rẹ̀. Onílé ń pariwo nínú fóònù pé owó lébírà ń lọ. Ká ní a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, bákónì náà á dúró níwọ̀n ìgbà tí igi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ igi, ó lè sán tàbí kó já. Èyí tó tún burú ni kó dúró títí di ọjọ́ ìkómọ, tí gbogbo ẹbí á jáde sórí rẹ̀ láti ya fọ́tò. Kò sí kíláàsì tí ọmọ yẹn ti lè kọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ láàárọ̀ yẹn, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè sọ fún un. Lọ́jọ́ tí òun náà bá lu òǹtẹ̀, yóò mọ̀ pé ohun tó wà lórí ìwé lè sá kúrò níbi tó yẹ kó wà kí aago mẹ́wàá tó lù.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni òǹtẹ̀ ti ń ṣáájú ojú. Ní July 17, 1981, ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ méjì já nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency, ọ̀kan wà lókè èkejì. Èèyàn 114 kú. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ yà á, irin gígùn kan náà ni yóò ti òkè gbọ̀ngàn wá, yóò gba inú afárá òkè kọjá, yóò sì gbé tìsàlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe irin, wọ́n gé e sí méjì: irin kan gbé afárá òkè, irin kejì wá so afárá ìsàlẹ̀ kọ́ sára afárá òkè. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n ojúkò afárá òkè, ibi tí irin ti dì í mú, tó yẹ kó gbé afárá òkè nìkan ti wá ń ru méjì. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà wà lórí àwòrán tí wọ́n fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó ṣe ìṣirò ojúkò yẹn. Ìpínlẹ̀ Missouri gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnjiníà méjì lórí rẹ̀, wọn kò sì gba àwáwí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló yí i padà. Ẹni tó lu òǹtẹ̀ ló ni ín.

Ní Amẹ́ríkà yẹn kan náà, níbi tí Wyoming ti kọ́kọ́ fi òfin láísẹ́ǹsì ẹnjiníà lélẹ̀ ní 1907, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń fẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò kan lẹ́yìn ilé ìwé, kó ṣe ìdánwò kejì, kó sì ṣiṣẹ́ bí ọdún 4 lábẹ́ ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì, kó tó gba tirẹ̀. Ní ìlú ọba, ICE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà civil tó ti wà láti 1818, ń fẹ́ kí àgbà kan máa fọwọ́ sí ohun tí ọmọ ti kọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. COREN tiwa náà ní SITSIE, ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹnjiníà. Ètò wà. Àgbà tí yóò gba ọmọ wọlé ló wọ́n.

Mo ti gbọ́ èsì yín sílẹ̀. Ẹ óò ní owó dà? Onílé tó ra táìlì ilẹ̀ Spéìnì yóò máa ná owó irin bí ẹni ń ra tòmátì ní Bódìjà, kí wá ni a ó fi san owó ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ẹjọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní bá yín jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: àwa náà la ba owó jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá wà tí yóò lu òǹtẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ láìwo ohun tó wà nínú ìwé, onílé kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó san iye tí iṣẹ́ gan-an tó fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́. Bí a bá sì ní kí gbogbo ẹni tó lu òǹtẹ̀ dé sáìtì pẹ̀lú ọmọ kan, òǹtẹ̀ á ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ á sì gòkè. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń jókòó sílé kò ní kọ̀ ọ́.

Èsì kejì dùn mí ju ti owó lọ. Ẹ óò ní bí a bá kọ́ wọn tán, Kánádà ni wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń lọ. Ṣé nítorí pé a kọ́ wọn ni wọ́n fi ń lọ? Ọmọ tí a kò kọ́ náà ń lọ, ó kàn jẹ́ pé ilé ìkẹ́rùsí ló ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbà á ní ẹnjiníà níbẹ̀, wọ́n á ní kó sọ iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sọ ẹni tó bójú tó o, kí ẹni náà fọwọ́ sí i. Dìgírì nìkan kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Èyí tó sì lọ pẹ̀lú iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni yóò máa fi ìwé àti ìròyìn ránṣẹ́ sí yín, òun ni yóò bá yín wá ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára kọnkéré láìfọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà gan-an nínú yín, ìjọba ló kọ́ yín. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà àti ilé máa ń gba ọmọ tuntun nígbà náà, ọ̀gá kan á sì wà lórí wọn tí yóò gbé wọn káàkiri lẹ́yìn ọkọ̀ Land Rover. Ìgbà yẹn ti lọ. Kókó Háòsì tí wọ́n parí ní 1965, àjà 26, ti jóná ní 1985, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti ṣí i padà ní 1992. Ó ṣì wà ní Dùgbẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kan yóò pé tí yóò tún nílò ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ lọ sórí àwọn òpó rẹ̀ láti mọ bí kọnkéré rẹ̀ ṣe rí. Èwo nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe POS ni yóò ṣe é? Omi Ògùnpa tó gbé èèyàn lọ ní August 31, 1980, àti òjò August 26, 2011 tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, fi hàn wá pé kò sí ìgbà tí ìlú yìí kò ní nílò ẹni tó mọ ibi tí omi ń gbà àti bí afárá ṣe yẹ kó fẹ̀ tó.

Ẹ sì rántí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí l'Ékòó ní November 1, 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Nílùú wa níhìn-ín, ilé kan wó lóru ní Jẹ́gẹ́dẹ́, ní Olúńlọ̀yọ́, ní October 31, 2024, ó sì pa èèyàn 10. N kò ní sọ ohun tó fa èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ àwọn tó ṣe ìwádìí nìyẹn. Mo kàn mọ ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi bí ilé bá ti wó: ẹnjiníà mélòó ló fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ HND kò ṣeé fò. A ti bá ara wa jà lórí rẹ̀ tó. Ọmọ tó gba HND ní Poly Ìbàdàn sábà máa ń mọ sáìtì ju ọmọ yunifásítì tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà, nítorí ọdún IT rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kan nǹkan. Síbẹ̀ owó rẹ̀ ń kéré, òrùlé tó ń forí sọ nínú iṣẹ́ ìjọba ń rẹlẹ̀. COREN ní ìwé orúkọ fún tẹkinọ́lójíìsì, iṣẹ́ tó níyì ni, kì í ṣe ẹnjiníà tó kùnà. Èyí tó bá fẹ́ gba ọ̀nà PGD, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn HND, lọ síwájú, kó lọ. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, bí mo bá ní ààyè ọmọ méjì, ọ̀kan á ti Poly wá, ọ̀kan á ti yunifásítì wá, n ó sì ní kí wọ́n kọ́ ara wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, ọmọ Poly ló sábà máa ń ní àkísà jù.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ̀ díẹ̀. A ń yan ọmọ síṣẹ́ nítorí iye sọ́fítíwià tó kọ sínú CV rẹ̀. Ẹ fún un ní bébà àti bírò, ẹ ní kó ya bíìmù kan tó jókòó sórí òpó mẹ́ta, kó fi ibi tí irin òkè yẹ kó wà hàn yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n náà, ẹ gbà á, tó bá ṣáà ti fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Mo ti dúró lórí dẹ́kìn pẹ̀lú àṣíborí lórí, kí onílé wá kí mi, kó ní, “Màdáàmù, ẹnjiníà ń bọ̀ nígbà wo?” Mo ti mọ bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn. Ọmọ ọdún 23 kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí àgbà kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò sọ pé, “Òun lẹ ó bá sọ̀rọ̀,” nǹkan á yí padà lójú àwọn lébírà pàápàá. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Sáìtì náà, ọjà ni.

Báyìí ni mo ṣe rò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa nílùú yìí fi ẹnu kò pé, lórí gbogbo pùláànù irin tí a bá lu òǹtẹ̀ mọ́, ìlà kan á wà nísàlẹ̀ orúkọ wa: orúkọ ọmọ tó ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ wa, àti ilé ìwé tó ti wá. Kì í ṣe pé kó ru ẹ̀bi o. Ẹ̀bi ti ẹni tó ni òǹtẹ̀ ni. Kí orúkọ rẹ̀ kàn wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 4 rẹ̀, kí àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lè pè wá béèrè. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ogún pùláànù láàárín oṣù kan, a ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnjiníà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń jáde láìsí orúkọ ọmọ kankan lábẹ́ rẹ̀, a ó mọ̀ pé ó yẹ ká bẹ̀ ẹ́ wò. COREN ní àwọn tó ń lọ yẹ sáìtì wò, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìbáwí, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwa fúnra wa lè ká ara wa lọ́wọ́ kò. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí pùláànù ní Agodi náà lè fi ìlà yẹn sórí fọ́ọ̀mù wọn bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn. Ọ̀rọ̀ yín ni wọn yóò gbọ́, kì í ṣe tèmi nìkan.

Ọjọ́ ìgbẹ́ ìpìlẹ̀, ọjọ́ irin, ọjọ́ dẹ́kìn: kí ọmọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to bísíkíìtì, kọnkéré kéékèèké tó ń gbé irin kúrò lára pákó, sábẹ́ irin. Kó rọ kọnkéré sínú àpótí 150 mm, kó kọ déètì sí i lára, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28, kó mú nọ́ńbà rẹ̀ padà wá fún yín. Kó wo nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì bóyá 42.5 ni, nítorí láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ní 32.5 tí agbára rẹ̀ kéré kò sí fún òpó àti dẹ́kìn, bẹ́ẹ̀ ẹ óò ṣì rí àwọn tó ń lò ó. Kò ná yín ní nǹkan kan ju pé kí ẹ rán an, kí ẹ sì bi í ní ohun tó rí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ óò jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ wọlé wá gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kí n wá ro ẹjọ́ mi lójúkojú, n ó wá, n ó mú ọmọ méjì tó wà lọ́dọ̀ mi dání, ẹ lè bi wọ́n ní ìbéèrè tó bá wù yín. Ẹni tí kò bá sì ní iṣẹ́ lórí ilẹ̀ báyìí tí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí sáìtì tiwa lọ́jọ́ dẹ́kìn. Kó wọ bàtà sáìtì wá, kó má wọ sálúbàtà.

Èmi ni tiyín,
ọmọ yín nínú iṣẹ́,
ẹnjiníà ilé àti afárá kan ní Akóbọ̀, Ìbàdàn.